Opó mẹ́sàn-án lórí àpáta Ìkìjà, ₦400,000 lọ́wọ́: kí la lè ṣe tí kò ní tán lóṣù mẹ́ta?

ÀǹtíÌkìjà
Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ìsinmi o. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, mo ní kí n gbé e wá síbí kó má baà di pé èmi nìkan ni mò ń fọwọ́ lẹ́rán.

Àwa obìnrin mẹ́tàdínlógún la wà nínú ẹgbẹ́ wa, ní Ìkìjà, ní Abẹ́òkúta, lẹ́yìn Olúmọ lọ́hùn-ún, níbi tí ilé gun orí ilé lórí àpáta tí ọkọ̀ ò lè dé. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Kẹ́ẹ̀gì omi kan, ẹ ó san owó omi, ẹ ó tún san owó ẹni tó máa rù ú gòkè. Opó mẹ́sàn-án ló wà ládùúgbò wa. Èyí tó kéré jù ò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èyí tó dàgbà jù ti lé ní ọgọ́ta, orúnkún ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń jókòó kó tó gun àtẹ̀gùn délé.

Lọ́dún tó kọjá a fún mẹ́fà nínú wọn ní ₦30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. A ya fọ́tò, a gbàdúrà, a jẹ ráìsì. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, owó ti tán. Ọ̀kan fi san owó ilé ìwé, ọ̀kan fi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, ẹnì kẹta ni àbúrò ọkọ rẹ̀ wá "yá" owó náà lọ́wọ́ ẹ̀, a ò rí i gbà dòní. Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣì ń ta ẹ̀wà tó fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí a ti kó ₦400,000 jọ. Àwọn kan ní ká ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ìlọta. Alága wa ní ká tún pín in bíi ti ìjelòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́nikẹ́ni má sọ pé ká gbàdúrà, a ti gbà á.

Bọ̀dáLáfẹ́nwá
Ẹ̀rọ ìránṣọ kẹ̀! Ẹ rìn láti Sápọ́n dé Láfẹ́nwá, kẹ́ ẹ ka télọ̀ tó ń sùn lórí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan. Ẹ̀rọ ìlọta ńkọ́? Ta ni yóò gbé àgbàdo gun àpáta wá bá a yín? Ẹ lọ ronú míì.

AládìrẹÌtòkú
Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọmọ aláró ni mí. Ìkòkò aró mẹ́ta ni ìyá tó bí ìyá mi ní lẹ́yìnkùlé kí wọ́n tó kú, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé ọjà Ìtòkú, ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ ń rò!

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé àdìrẹ kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tó ń dì í yàtọ̀, ẹni tó ń rẹ ẹ́ láró yàtọ̀, ẹni tó ń lù ú kó dán yàtọ̀, ẹni tó ń tà á tún yàtọ̀. Dídì, àdìrẹ oníko nìyẹn, kò gbà ju ìko tàbí òwú, ojú àti sùúrù lọ. Màmá tí orúnkún ń dùn yẹn lè jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ kó máa dì í títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo máa ń gbé aṣọ yáàdì márùn-ún márùn-ún fún àwọn màmá méjì ní Ìjẹmọ̀. Aṣọ tèmi, òwú tèmi, owó iṣẹ́ wọn ni mò ń san. Wọn ò fi kọ́bọ̀ tiwọn sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kì í wo aṣọ mọ́ tó bá ń dì í, redíò ló ń gbọ́, ìka ẹ̀ ló ń ka eyín òwú fúnra ẹ̀.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ náà wà, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ láfún àti ìyẹ́ adìyẹ kọ. Ìyẹn gba ẹ̀kọ́ púpọ̀, àmọ́ owó ẹ̀ ju ti oníko lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé ìkòkò aró gun orí àpáta o! Iṣẹ́ aró, iṣẹ́ omi ni. Ẹ ó rẹ aṣọ, ẹ ó ṣàn án, ẹ ó tún ṣàn án títí omi á fi mọ́. Ṣé omi tí wọ́n fi owó gbé gòkè lẹ fẹ́ fi ṣan aṣọ? Ẹ jẹ́ kí aró wà nísàlẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ní kànga, kí aṣọ gbígbẹ nìkan máa gun òkè. Bẹ́ẹ̀ náà, kẹ́míkà kọ́sítíìkì àti háídírósì tá à ń lò báyìí pẹ̀lú aró òyìnbó dípò èlú àti omi eérú, kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà pọn dandan. Mo ní àpá kan lọ́rùn ọwọ́ òsì títí dòní, torí lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, omi ni mo dà lé kọ́sítíìkì lórí, dípò kí n rọra da òun sínú omi. Ó hó lójijì, ó ta sí mi.

ÌyáLáfún
Ọ̀rọ̀ aládìrẹ dùn, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fúnra wa. Nínú aṣọ tó kún Ìtòkú lónìí, mélòó ni wọ́n fọwọ́ dì, mélòó ni ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà? Oníbàárà kì í bèèrè, owó tó kéré ló ń wò.

Ẹ̀gbá ni wá, láfún là ń jẹ. Ọlọ́run sì ti fi ibi ìsáǹkan tó dára jù fún un yín lọ́fẹ̀ẹ́. Àpáta tó ti ń gba oòrùn láti àárọ̀, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ fẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ ní aago méjì ọ̀sán, ẹ ó jó. Láfún tẹ́ ẹ bá sá sórí ẹ̀, ọjọ́ méjì péré ló ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ ra ẹ̀gẹ́, ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ fún un, ẹ sá a. Ọjọ́ kẹrin owó ti wọlé. Aṣọ kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń rà lójoojúmọ́, oúnjẹ ni.

Ọmọ_Alábàtà
Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Rírẹ mọ́jú ò tó o. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ló yẹ kí ẹ̀gẹ́ lò nínú omi, títí á fi rọ̀ débi pé tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́, á fọ́. Oró wà nínú ẹ̀gẹ́, èyí tó korò ló tún burú jù. Kíkan tó ń kan nínú omi yẹn ló ń jẹ́ kí oró náà tú jáde. Ẹni tó bá ń kánjú, ẹni tó máa jẹ ẹ́ ló ń fi ẹ̀mí ẹ̀ wéwu. FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní ọ̀nà Alábàtà, ni mo ti kọ́ ọ, àmọ́ àwọn ìyá àgbà ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dá ilé ìwé wa sílẹ̀ lọ́dún 1988.

Nǹkan kejì, ẹ má da láfún sórí àpáta lásán. Iyanrìn, ìgbẹ́ ewúrẹ́, eruku, gbogbo ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ tẹ́ tapólì.

Nǹkan kẹta, ẹ ṣírò kẹ́ ẹ tó rà. Kílò 4 sí 5 ẹ̀gẹ́ tútù ni í di kílò kan láfún. Nítorí náà, ẹ má ru ẹ̀gẹ́ tútù gòkè. Bíbó àti rírẹ, ìsàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti fún omi ara ẹ̀ dànù, ìgbà yẹn ni kó gòkè lọ gba oòrùn.

ÌyáLáfún
Ọmọ mi, o ṣeun, mi ò bínú. Ọjọ́ mẹ́ta là ń rẹ ẹ́ nílé ìyá mi náà, ìwàǹwára ọjà ló kọ́ wa ní mọ́jú. Mo gbà. Àmọ́ tapólì yẹn, orí àpáta náà ni kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sí, kẹ́nì kan má lọ sá a sínú ọgbà kó máa sọ pé láfún ò gbẹ. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé láti oṣù kẹfà tí òjò bá ti ń gbá lé ara wọn, owó láfún máa ń dá dúró. Ẹ ní nǹkan míì tẹ́ ẹ ó máa ṣe nígbà yẹn.

AládìrẹÌtòkú
Ẹ ti rí i. Nígbà òjò, èèyàn lè jókòó sínú ilé kó máa di aṣọ 😊

ỌmọAfọ́kùúta
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mo ní kí n dákẹ́, dídákẹ́ ò ṣeé ṣe.

Lọ́dún tí bàbá mi kú, mo wà ní pámárì fọ́ọ̀. Ìyá mi bọ́ aṣọ opó lọ́jọ́ kan, lọ́jọ́ kejì ó lọ bá àwọn tó ń fọ́ òkúta lẹ́yìn ìlú. Àwọn ọkùnrin á dáná táyà sórí àpáta kó lè sán, wọ́n á fi òòlù ńlá ya á. Àwọn obìnrin á gba àfọ́kù, wọ́n á jókòó sílẹ̀, wọ́n á máa fọ́ ọ wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ìyá mi gé rọ́bà táyà, ó ká a bí òrùka, inú òrùka yẹn ló ń fi òkúta sí kó má baà sá, kí òòlù má sì bá ìka. Síbẹ̀ èékánná àtàǹpàkò òsì ẹ̀ ò hù dáadáa mọ́ títí dòní. Tá a bá ti ilé ìwé dé, ọ̀dọ̀ ẹ̀ là ń lọ, a ó máa fi abọ́ kó o jọ. Tí típà bá wá dé, ẹni tó ni típà ló ń dá iye lé e. Ẹ ò lè sọ pé rárá, torí ta ni yóò ru òkúta padà sílé?

Òkúta yẹn ló rán èmi àti àbúrò mẹ́ta nílé ìwé. Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹ̀ níwájú mi. Àmọ́ mi ò ní gba opó kankan níyànjú pé kó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lónìí. Eruku ẹ̀ ń wọ àyà, ikọ́ ẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀, ẹ̀rúnrún ẹ̀ sì ti fọ́ ojú àwọn kan tí mo mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyí. Kì í ṣe iṣẹ́ tuntun ló yọ ìyá mi. Àwọn afọ́kùúta mẹ́wàá ń dá èésú láàrin ara wọn. Nígbà tó kàn án, gbogbo èèyàn rò pé á lọ ta aṣọ. Kò lọ. Ó ra òkúta lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, ó kó o jọ títí ó fi kún típà, ó lọ bá onílé tó ń kọ́lé fúnra ẹ̀, ó tà á tààrà. Iṣẹ́ kan náà ni, ibi tó jókòó sí nínú iṣẹ́ náà ló yí padà. Kẹ́ ẹ tó kọ́ opó níṣẹ́ tuntun, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ tó ti mọ̀ wà tẹ́nì kan kàn ń jẹ èrè ẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Bọ̀dáLáfẹ́nwá
Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí Màmá. Mo dọ̀bálẹ̀.

Lọ́yàKékeré
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi fẹ́ padà sórí ẹnì kẹta yẹn, tí àbúrò ọkọ "yá" lówó. Bẹ́ ẹ bá da owó sínú agbọ̀n, ẹ di ihò agbọ̀n ná.

Ní àṣà wa, ìyàwó kì í jogún ọkọ, àwọn ọmọ ló ń jogún, ìbáà jẹ́ ìdí-igi, tí wọ́n ń pín in ní iye ìyàwó tó bímọ, tàbí orí-ò-jorí, tí wọ́n ń pín in ní iye ọmọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ opó fi ń gbé inú ilé ọkọ lórí orúkọ ọmọ, tí ẹbí á sì máa hùwà sí wọn bí àlejò. Àmọ́ tó bá jẹ́ ìgbéyàwó kóòtù, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ ìjọba tí wọ́n sì fún wọn níwèé, òfin ti gbà á lọ́wọ́ àṣà nìyẹn: ìyàwó wà lára àwọn tó máa pín. Ẹ bi opó kọ̀ọ̀kan, irú ìgbéyàwó wo ló ṣe?

Owó tí ọkọ fi sí báǹkì ńkọ́? Mo ti rí opó tó ń toro owó garí nígbà tí owó ọkọ ẹ̀ jókòó sí báǹkì, torí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé kó gba ìwé ikú, kó lọ sí ẹ̀ka ìpín ogún nílé ẹjọ́ gíga lọ gba ìwé àṣẹ. Ó máa ń pẹ́, ó sì máa ń náni, àmọ́ owó ẹ̀ ni. Tí ọkọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́ tó ń dáwó owó ìfẹ̀yìntì, ẹ wá ìyẹn náà.

Ní ti ìyà jíjẹ opó, bíi fífá orí tipátipá: òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 lórí ìwà ipá ti sọ pé ẹ̀wọ̀n tí kò ju ọdún 2 lọ tàbí owó ìtanràn tí kò ju ₦500,000 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2017. Tí kò bá sí owó lọ́yà, ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà obìnrin, FIDA, wà, Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń bá aláìní wá lọ́yà, náà wà.

Alfa_Adátán
Lọ́yà wa, ẹ kú làálàá. Ẹ fi apá kan sílẹ̀. Ìdajì àwọn opó yẹn lè jẹ́ Mùsùlùmí. Nínú Kùránì, ìyàwó ní ìpín: ìdá kan nínú mẹ́jọ bí ọkọ bá fi ọmọ sílẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin bí kò bá fi ọmọ sílẹ̀. Tí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, ìdá yẹn ni wọ́n máa pín láàrin ara wọn. Ẹbí tó bá ní "nínú tiwa, ìyàwó kì í jogún" tí wọ́n sì ń kírun, ẹ ní kí wọ́n wá rí mi.

Ẹ tún rántí pé opó oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá wà lórí ẹni tí ọkọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ má gba ṣọ́ọ̀bù fún un lásìkò yẹn, ilé ló yẹ kó wà.

AlhájaKútọ̀
Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má há obìnrin mọ́lé. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó lè jáde lójú mọmọ bí bùkátà bá wà, kó ṣáà sùn sílé. Ta ni ń bọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin? Nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀, mo ń lọ sójà láago mẹ́wàá, mo ń padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sẹ́ni tó rí mi lóde lálẹ́.

Alfa_Adátán
Òótọ́ ni, Alhájà. Bí bùkátà bá wà.

ỌmọÌdáǹrè
Ará Ìdáǹrè ni mí, Abẹ́òkúta ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe Ìkìjà ní òkè, ẹ wá wo àtẹ̀gùn tiwa, ó lé ní 600. Àwọn bàbá wa sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ fún ìdí kan náà tẹ́ ẹ ń sọ yìí: gbogbo nǹkan ló ń gùn.

Àǹtí mi kan jẹ́ opó, ó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀ lórí gegele. Àkàrà dùn, ojú kan náà ló ń rà á lójoojúmọ́, nítorí ta ni yóò gun òkè wá ra àkàrà? Ọjọ́ tó gbé agbada sọ̀kalẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni ọjà yí padà. Wàhálà tó kù ni gbígbé agbada, epo àti igi lọ, gbígbé e bọ̀. Ó bẹ ẹnì kan tó ní gáréèjì mẹkáníìkì, ó ń kó ẹrù sí i níbẹ̀, ó ń fún un ní àkàrà àárọ̀. Nǹkan tó fúyẹ́ ni kó máa gòkè. Èyí tó wúwo, ẹ wá ibi ìkẹ́rùsí fún un nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ₦400,000 yẹn ran opó lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ ra kọ́kọ́rọ́ yàrá kan nísàlẹ̀ àpáta.

Akọ̀wéÀjẹṣẹ́kù
Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ bí owó ṣe máa padà. Ẹ má fún wọn lówó, ẹ yá wọn. Owó ọ̀fẹ́ kì í pẹ́ lọ́wọ́. Ẹ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n máa dáwó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ ₦500, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kí wọ́n lè yá ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n fi pamọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, èèyàn 10 ni ó kéré jù. Mẹ́sàn-án yín ò tó.

OpóNiMí
Ọdún kẹfà rèé tí mo ti di opó. Mo ka gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀.

Akọ̀wé, ẹ má yá mi lówó lọ́sẹ̀ tí mo sin ọkọ mi. Wọ́n ti yá mi rí. Ẹ̀yáwó tí wọ́n ń gbà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìka ti pé ọmọ ń ṣàìsàn, tí àwọn márùn-ún á wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní aago méje àárọ̀. Mo ta ìkòkò mi láti san án. Ìfipamọ́ tẹ́ ẹ sọ dáa. Gbèsè lákọ̀ọ́kọ́ ò dáa.

Àǹtí Ìkìjà, ẹ má bínú. Ẹ ní owó ₦30,000 "tán". Owó ilé ìwé tó san, ṣé ó tán ni? Ọmọ tó gbé lọ sí ọsibítù, ṣé kò yè? Ohun tó jẹ yín lógún ni ọjà, ohun tó jẹ òun lógún ni ọmọ. Oṣù wo lẹ pín in? Tó bá jẹ́ oṣù kẹsàn-án tí ilé ìwé ń wọlé, áńgẹ́lì gan-an ò ní fi owó yẹn ra ẹrù ọjà. Ẹ fi owó ilé ìwé sí ọ̀tọ̀, ẹ fi owó òwò sí ọ̀tọ̀, kẹ́ ẹ tó retí pé èyí kan á dúró.

Fọ́tò yẹn náà. Wọ́n ya tèmi lọ́jọ́ kan, mo di àpò ráìsì mú. Ọmọkùnrin mi rí i lórí WhatsApp ìyá ọ̀rẹ́ ẹ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ méjì.

Àdìrẹ, láfún, òkúta, ilé ẹjọ́, ẹ ti sọ gbogbo ẹ̀. Ṣé ẹnì kan ti bi àwọn mẹ́sàn-án léèrè?

ÀǹtíÌkìjà
Màmá, mo kúnlẹ̀. Oṣù kẹsàn-án gan-an ni. A ò bi wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n padà wá.

ÀǹtíÌkìjà (ọjọ́ kọkànlá)
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi àti àwọn méjì nínú ẹgbẹ́ la lọ láti ilé dé ilé, a ò gbé fóònù jáde. Alága wa ò bá wa lọ, ó ní a ti gba ìpàdé mọ́ òun lọ́wọ́. A ó bẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Èyí tó kéré jù, tí gbogbo wa ti ń rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ la máa rà fún, irun ló ń kọ́ kí ọkọ ẹ̀ tó kú. Oṣù mẹ́rin ló kù kó ṣe fríìdọ̀mù. Ọ̀gá ẹ̀ ṣì ń retí ẹ̀. ₦70,000 máa kárí fríìdọ̀mù àti díráyà àlòkù. Ẹnì kan sọ pé òun ò fẹ́ nǹkan kan ju ìwé ikú ọkọ òun lọ, owó wà ní báǹkì. Ọ̀rọ̀ Lọ́yà ló sọ lẹ́nu gan-an, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Màmá olórúnkún, nígbà tí mo pe àdìrẹ, wọ́n wọlé lọ, wọ́n gbé aṣọ kan jáde látìsàlẹ̀ àpótí tí wọ́n dì nígbà tí wọ́n wà ní ọmọge, tí wọn ò rí owó pa láró. Gbogbo òwú ṣì wà lára ẹ̀. Àwọn méjì míì náà mọ̀ ọ́n dì. Aládìrẹ, mo ti fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí yín.

Àwọn mẹ́rin tó kù fẹ́ ṣe láfún pọ̀. Ìyá oníkànga tó wà nísàlẹ̀ gbà kí wọ́n máa bó o kí wọ́n sì máa rẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé òun, ó sì ní yàrá kan tó ń kó igi sí, ó máa yọ igi kúrò. Ibẹ̀ la ti mọ̀ pé òun náà ti pàdánù ọkọ láti 2009. A ò kà á mọ́ opó rí, torí ó ní ilé. Akọ̀wé, ẹni kẹwàá yín nìyẹn.

₦100,000 la ò ní fọwọ́ kàn, ti ilé ìwé àti àìsàn ni. Àbúrò ọkọ ẹnì kẹta yẹn ti gbọ́ pé lọ́yà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó ti mú ₦10,000 wá.

Ó ku tapólì. Irú èwo ni ká rà, níbo?

ÌyáLáfún
Kì í ṣe èyí búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn o, oòrùn oṣù kan ló máa já a. Ẹ ra èyí tó nípọn tí wọ́n fi ń bo ọkọ̀ akẹ́rù, àlòkù tí kò lu náà dáa, Láfẹ́nwá ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó má rùn epo. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá fi bí wọ́n ṣe ń fún un hàn wọ́n. Kí ẹ̀gẹ́ ti wà nínú omi láti Ọjọ́rú.